Ta Ló Sọ Pé Obìnrin Kò Lè Mọ Ìṣirò?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ nílé, ní ilé-ìwé, àní láàárín ẹgbẹ́ wa pàápàá: "Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ti obìnrin." Ẹlòmíràn ń fi ṣe àwàdà, ẹlòmíràn ń fi gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yìí ń wọ ọmọ lọ́kàn?
Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7. Wọ́n sọ ìtàn ẹnì kan tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé fún wọn, láì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n sì ní kí wọ́n tọ́ka sí ẹni náà nínú àwòrán. Àwọn ọmọ ọdún 5, lọ́kùnrin lóbìnrin, sábà ń tọ́ka sí ẹni tó jọ wọ́n. Láti ọmọ ọdún 6 lọ, iye àwọn ọmọbìnrin tó tọ́ka sí obìnrin dín kù. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yìí kan náà gbà pé obìnrin ń gba máàkì dáadáa ní kíláàsì. Ẹ rí i pé kì í ṣe máàkì ló fa ìrònú náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

2. Àpẹẹrẹ Maryam Mirzakhani
Tehran, olú-ìlú Iran, ni wọ́n bí i sí ní 1977. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé girama, kò ṣe dáadáa nínú ìṣirò. Olùkọ́ rẹ̀ kò rò pé ó ní ẹ̀bùn rẹ̀, ọkàn ọmọ náà sì kúrò níbẹ̀. Ní ọdún kejì, olùkọ́ mìíràn dé tó ń gbà á níyànjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tayọ. Ọpọlọ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló yàtọ̀.

Nígbà tó yá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn náà ní irú ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọkùnrin fún ìdíje. Ọmọbìnrin kankan kò tíì ṣojú Iran rí nínú ìdíje ìṣirò àgbáyé, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà gbà. Maryam gba wúrà ní 1994 àti 1995. Ti 1995, gbogbo máàkì ló gbà. Ní 2014 ó gba Fields Medal, ẹ̀bùn ńlá ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1936, tí obìnrin kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀. Ó kú ní 2017.

Nítòsí wa, Grace Alele-Williams, tó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà ní 1985.

3. Ìṣirò àti ẹ̀sìn wa
Wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn fún Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ wo ètò ogún: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìṣirò ni! Apá ńlá nínú ìwé Al-Khwarizmi lórí áljẹ́brà dá lórí ogún pípín. Arábìnrin tí a ti kọ́ láti máa sá fún ìṣirò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ìpín tí Ọlọ́hun fún un pé?

4. Kí ni ká ṣe?
(a) Arábìnrin, bí o bá fìdí rẹmi, má ṣe sọ pé, "Nítorí pé obìnrin ni mí." Wá ibi tí kò yé ọ, kí o sì béèrè.
(b) Arákùnrin, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwọ náà fọ abọ́, kí òun náà lè jókòó ti ìwé.
(d) Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ lójú ọmọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni olùkọ́ kejì ṣe fún Maryam tí ti àkọ́kọ́ kò ṣe?
2. Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ni a máa ń fún ní ìwé owó láti tọ́jú? Kí ló dé?

Kí Ọlọ́hun fi kún ìmọ̀ wa. Àmín.