Ẹ̀kọ́ Ìtàn Ti Padà Dé: Kí Ni A Óò Kọ́ Nínú Rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tí ìtàn ń ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún ará ẹ̀yìn pé kòtò wà níbẹ̀ ńkọ́?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, Social Studies ni ó gba ipò ìtàn ní JSS. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010, ìjọba yọ ìtàn kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àwáwí tí wọ́n ṣe ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún un, olùkọ́ rẹ̀ kò tó, ẹni tí ó sì kà á jáde kì í tètè ríṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn fi igbe ta, pàápàá ẹgbẹ́ wọn, Historical Society of Nigeria, tí a dá sílẹ̀ ní 1955. Ní 2016, ìjọba ṣèlérí láti dá a padà. Wọ́n tún un gbé jáde ní 2022. Ní 2025, wọ́n kéde pé ìtàn Nàìjíríà di dandan láti Primary 1 títí dé JSS 3.

Ibi tí iyàn kù sí

Àwọn kan rò pé ìjà ti parí. Kò tíì parí. Apá kan ní kí ìwé ìtàn mú kìkì ohun tí yóò so wá pọ̀, kí a má tú egbò Ogun Abẹ́lé 1967 sí 1970. Apá kejì ní egbò tí a kàn bò mọ́lẹ̀ kì í san. Àwa tí a dàgbà ní Òkè Ọya àti ní ìlà-oòrùn mọ ohun tí ìdákẹ́ ń fà. Ogun kan náà ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé kan yàtọ̀ sí ti ilé kejì, kò sì sí kíláàsì tí a ti lè gbé méjèèjì yẹ̀ wò.

Tiwa ńkọ́?

Kí a má fi òtítọ́ na ẹlòmíràn nìkan. Ní Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, Yorùbá ni ó ń bá Yorùbá jà: Ìbàdàn ní ìhà kan, Èkìtì Parapọ̀ ní ìhà kejì. Bí ọmọ Ìbàdàn bá kọ́ nípa Látòósà nìkan, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì kọ́ nípa Ògèdèǹgbé nìkan, oríkì ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ ìtàn. Samuel Johnson, tí a bí ní Sierra Leone, wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, ni a fẹ́ kí ìwé kíláàsì jọ.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé wa

1. Kí ni wọ́n kọ́ ọ nípa Ogun Abẹ́lé ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kí sì ni o gbọ́ nílé?

2. Ìtàn wo nípa ìlú baba rẹ ni o kò ní fẹ́ kí ó wọ ìwé? Kí nìdí rẹ̀?