Ohun Inú Ilé Ìdáná Tí Ó Ń Mú Ilé Ní Òórùn Dídùn

Kí àlejò tó jókòó, kí ó tó mu omi, òórùn ilé wa ni ó ń kọ́kọ́ kí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń náwó sórí òórùn inú agolo. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ohun tí ó wà nínú ilé ìdáná wa tó iṣẹ́ náà í ṣe. A ó sì mẹ́nu ba ewu mẹ́rin tí ìyá ilé gbọ́dọ̀ mọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí òórùn burúkú ti ń wá

Bí a bá ń fín òórùn dídùn sórí pàǹtírí, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Ẹ wo abẹ́ síǹkì, aṣọ ìnuwọ́ tí kò gbẹ, kànìnkànìn, igbá irú tí kò ní ọmọrí àti ẹ̀yìn fíríìjì. Ẹ má jẹ́ kí pàǹtírí sun inú ilé. Ní òwúrọ̀, ẹ ṣí fèrèsé méjì tí ó dojú kọ ara wọn, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kí ó gba èkejì jáde. Èyí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

2. Ohun tí a lè lò

(a) Ọsàn wẹ́wẹ́: Òórùn ẹja a máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tí a fi ń gé nǹkan. Ohun kíkan ni ó ń pa á. Ẹ fi ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ pa wọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi omi ṣàn wọ́n. Ọtí kíkan náà lè ṣe é.

(b) Bákín sódà: Ẹ bu ṣíbí 2 sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ gbé e sínú fíríìjì láì dé e. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ da ti àtijọ́ sí ihò síǹkì, kò ní ṣòfò.

(d) Èédú: Èédú tí a kò tíì fi iná sí ní ihò kéékèèké tí ojú kò rí, inú wọn ni òórùn ń wọ̀ sí. Ẹ kó díẹ̀ sínú abọ́, ẹ gbé e sí ibi tí ẹ ń kó bàtà sí.

(e) Kánáfùrù àti ewé tíì gbígbẹ: Ẹ di wọ́n sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi wọ́n sáàárín aṣọ inú àpótí.

3. Omi olóòórùn dídùn

Ẹ wá omi ife 4, èpo ọsàn 2, kánáfùrù ṣíbí kékeré 1, atalẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò àti ewé tíì ẹ̀kúnwọ́ 1. Ẹ fọ èpo, atalẹ̀ àti ewé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò láì dé e. Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ dúró tì í, kí omi má baà gbẹ. Ẹni tí ó ń ṣọ́ gáàsì lò lè gbé e ka ẹyin iná tí ó kù nídìí ààrò lẹ́yìn tí ọbẹ̀ bá jinná, kí ó wá gbé ìkòkò náà wọlé, sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

4. Ìkìlọ̀

(a) Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan láéláé. Èéfín olóró ni yóò jáde lára wọn, a sì máa dí ènìyàn léèémí.

(b) Ẹni tí ó bá fẹ́ sun tùràrí kò gbọ́dọ̀ gbé èédú tí ó ń jó sínú yàrá tí a tì. Afẹ́fẹ́ burúkú tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ojú oorun ni ó sì ń pa ènìyàn sí.

(d) Ẹ má ṣe fi káńfọ̀, ẹyin funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ, sí ibi tí aṣọ ọmọ tuntun wà. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ó lè fa ibà pọ́njú tí yóò ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, tàbí tí yóò pa á. Kánáfùrù inú aṣọ dára jù ú lọ fún aṣọ àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ tuntun kò nílò ju fífọ̀ àti sísá sí oòrùn lọ.

(e) Gáàsì ìdáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Ńṣe ni a mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má fi òórùn mìíràn bò ó. Ẹ pa ẹnu gáàsì dé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan ohun tí a fi ń tan iná mànàmáná, ẹ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé òjíṣẹ́ ni òórùn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó wá sọ, kí a tó lé e lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Òórùn wo ni ó ń yọ wá lẹ́nu jù nílé, níbo ni ó sì ti ń wá?

2. Ta ni ó wà láàárín wa tí ń tọ́ ọmọ tuntun, tí kò tíì gbọ́ nípa káńfọ̀? Ta ni yóò sọ fún un?

3. Ìyá àgbà wo nínú ẹgbẹ́ wa ni kò lágbára láti da pàǹtírí nù mọ́? Ọjọ́ wo ni a ó lọ bá a ṣe é?