Ẹ mọ ẹni tó ni ilé kí ẹ tó sanwó: Ẹ̀kọ́ fún àwọn tó fẹ́ ra tàbí ta ilé ní Kòmú

Bí owó kaṣú tàbí owó iṣu bá ti wọlé, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Kòmú àtàwọn ìlú tó yí i ká ni pé kí wọ́n fi ra ilé. Ẹni tó ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹlòmíì fẹ́ ní tirẹ̀, ẹni tó ń kó ọjà lọ sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ń wá ibi tó máa kó ẹrù sí, ẹni tó ti ń gbé òkèèrè fẹ́ ibi tó máa fẹ̀yìn tì sí. Èrò náà kò burú rárá. Ibi tí wàhálà wà ni pé ilé tí wọ́n ń tà láàárín ìlú kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń mú kọ́kọ́rọ́ dání wá pé òun fẹ́ tà á.

Ní àwọn àdúgbò tuntun l'Ékòó àti Ìbàdàn, ìwé C of O ni ẹni tó fẹ́ ra ilé máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ní Òkè-Ògùn, ọ̀pọ̀ ilé tó wà nínú agbo ilé ni kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́ wọn kò sì rò ó rí pé ẹnì kan máa wá béèrè rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ilé náà má ṣe é rà. Ìbéèrè mìíràn ló kàn yẹ kó ṣáájú. Ta ló kọ́ ilé yìí? Orí ilẹ̀ ta ló kọ́ ọ sí? Ṣé ẹni tó kọ́ ọ ṣì wà láyé? Oníṣòwò tí kò bá tíì rí ìdáhùn tó dájú sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó má tíì dárúkọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ẹni, ilẹ̀ ẹbí

Bí ọkùnrin tàbí obìnrin kan bá fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, tó kọ́lé sí i, tó sì wà láàyè, òun nìkan ló ni ín. Ó lè tà á láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ. Àwọn ọmọ lè bínú o, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí wọ́n dí i lọ́wọ́. Irú ilé báyìí ló rọrùn jù láti rà. Ohun tó kù kò ju kí onítọ̀hún fi hàn bó ṣe di onílẹ̀: ìwé tó fi ra ilẹ̀ náà, ẹni tó tà á fún un, àtàwọn ẹlẹ́rìí.

Èyí tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ni ilé tí ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí. Gbogbo àdúgbò ló máa jẹ́rìí pé òun ló ra búlọ́ọ̀kù, òun ló ra páànù, òun ló san owó bíríkìlà. Òótọ́ ni ẹ̀rí náà, síbẹ̀ kò tó. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra láti ayé àwọn òyìnbó pé ọmọ ẹbí tó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí kò lè tà á fún ará ìta láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i. Ó lè gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé náà kò kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé nínú agbo ilé, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ilẹ̀ ẹbí ni, títí tí wọ́n á fi fi ẹ̀rí hàn án pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé kẹta ni èyí tí ẹni tó ni ín ti kú láì ṣe wíìlì. Láti ọjọ́ tó ti kú, ní ìlànà àṣà Yorùbá, ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Àrẹ̀mọ lè máa bójú tó o, ìyẹn kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Gbogbo ọmọ là ń wí o, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn tó ń ta ilé kì í sábà rántí àwọn ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, àwọn yẹn gan-an ló sì lè mú lọ́yà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ti opó yàtọ̀. Àṣà kò ní kí ìyàwó jogún ilé ọkọ, nítorí náà ìwé tí opó nìkan bá fọwọ́ sí kò gbé ilé náà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ló ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kóòtù ni tọkọtaya náà ti ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ń ra ilé gbọ́dọ̀ béèrè ìwé àṣẹ tí ilé-ẹjọ́ gíga ń fún àwọn tó ń bójú tó ohun ìní òkú kó tó ṣe ohunkóhun.

Bí wọ́n ṣe ń ka àwọn ọmọ náà tún ní bó ṣe ń lọ. Bàbá kan kú l'Ékòó lọ́dún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ sì di ẹjọ́ tí wọ́n mọ̀ sí Danmole àti Dawodu. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, ìyẹn iye ìyàwó, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn iye ọmọ? Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sọ lọ́dún 1962 pé ìdí-igi ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àṣà Yorùbá, àmọ́ pé bí ìjà bá dé lórí rẹ̀, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ra ilé olórogún ni pé ó kéré tán, kí aṣojú kan wá láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí ọmọ ìyá kan ṣoṣo kún inú rẹ̀, bó ti wù kí orúkọ ibẹ̀ pọ̀ tó, ó mẹ́hẹ.

Ta wá ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i gan-an? Olórí ẹbí ni àkọ́kọ́. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà la ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ayé. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òkú ọjà ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù mọ̀, ọjà náà wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn yẹn lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e bí wọ́n bá tètè jí gìrì. Èyí ló fi yẹ kí owó wà lápò títí olórí ẹbí àti àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò fi jókòó pọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ má jẹ́ kí bàbá gbọ́ sí i o, màá bá wọn sọ ọ́ tó bá yá," òun fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀.

Ṣé títà ni, àbí ìdógò?

Ọ̀nà méjì kan tún wà tí ilé tàbí ilẹ̀ fi ń wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín. Àkọ́kọ́ ni ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ dáko tàbí kọ́lé, tó ń mú nǹkan wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kò di onílẹ̀ bó ti wù kó pẹ́ tó. Bó bá ta ilẹ̀ náà bíi tara rẹ̀, onílẹ̀ lè gbà á padà nípasẹ̀ ilé-ẹjọ́, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ á sì máa wá ẹni tó gba owó rẹ̀ kiri.

Èkejì ni ìdógò. Òmíràn nínú àwọn àgbà yá owó láyé ọjọ́un, wọ́n sì fi ilẹ̀ tàbí ilé dúró. Ẹni tó yá wọn lówó ń lò ó, ọmọ rẹ̀ ń lò ó, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá dàgbà bá a níbẹ̀, ó rò pé ogún ni. Nínú àṣà, ìdógò kì í di títà nítorí pé ó pẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ẹni tó yá owó bá mú owó náà dé, wọ́n lè gba ohun ìní wọn padà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n kọ "mo gba owó lọ́wọ́ lágbájá" lásán sínú ìwé. Kí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé títà ni, pé ilé àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tà, pé owó ti pé, àti pé kò sí ìràpadà.

Ní ìlànà ìbílẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló ń sọ títà di títà: kí owó pé, kí wọ́n fa ilé náà lé olùrà lọ́wọ́, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà náà gbà bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Folarin àti Durojaiye lọ́dún 1988. Ẹni tó san ìdajì, tí ìdajì sì kù, kò tíì ra ilé, kódà bó ti kó wọlé. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ san án, kí ọjọ́ tí owó máa pé àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá pé wà nínú ìwé.

Ìwé ṣe pàtàkì ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Òfin kò fọwọ́ sí i kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gba owó láti kọ ìwé títà ilé, nítorí náà owó tí wọ́n fún akọ̀wé lẹ́bàá kóòtù tàbí ọmọ ilé tó ní kọ̀ǹpútà lè jẹ́ owó ẹ̀sín. Bí àgbà tí kò mọ̀wé bá máa tẹ̀ka, ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì hàn pé wọ́n kà á sétí bàbá ní èdè tó gbọ́, ó sì yé e. Ìtẹ̀ka tí kò ní èyí ti ba ẹjọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ti ìjọba ńkọ́?

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1978, Land Use Act, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Lórí ilẹ̀ tí kò sí lára èyí tí Gómìnà ti kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, òfin náà sì sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ yìí kò gbọ́dọ̀ tà á láì gba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀. Fún Kòmú, ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú tí oríkò rẹ̀ wà ní Òtu nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rin ìrìn yìí, wọ́n ní àárín ẹbí ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ilé náà yá owó ní báńkì ni ọ̀rọ̀ tó yí bìrí. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo lọ́dún 1989, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé fífi tí wọ́n fi ilé dúró fún owó báńkì di asán torí pé wọn kò gba àṣẹ Gómìnà. Látìgbà náà ni àwọn báńkì kì í ti í fi ọ̀rọ̀ àṣẹ ṣeré. Oníṣòwò tó ń ra ilé kó lè fi yáwó lọ́jọ́ iwájú, kó yáa kó owó ìwé mọ́ owó ilé láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan owó àwọn awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Nọ́ńbà tó wà lára òpó kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi wádìí n'Íbàdàn bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà rí.

Ilé fúnra rẹ̀ náà yẹ ní yíyẹ̀wò, kì í ṣe ìwé nìkan. Oṣù Kejì tàbí ìkẹta ló dára jù láti wo kànga ní Òkè-Ògùn, torí kànga tó kún lásìkò òjò kì í sọ òótọ́. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé wò nítorí ikán. Kí wọ́n béèrè gbèsè iná lọ́wọ́ IBEDC. Kí wọ́n sì béèrè sàréè. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló jẹ́ pé inú yàrá tàbí iwájú ilé ni wọ́n sin bàbá tàbí ìyá àgbà sí, ẹni tó bá sì lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀ lé e lórí láìsọ fún ẹbí máa mọ̀ pé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kò pa gbogbo ẹnu mọ́. Ó sàn kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn bóyá àyè wà fún àwọn ọmọ láti máa wá síbẹ̀, tàbí wọ́n máa kó o lọ.

Ẹni tó ń tà náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ń tà ní pàjáwìrì nítorí owó ilé ìwòsàn tàbí owó ilé-ìwé, ẹni tó bá sì ti fi hàn pé ojú ń pọ́n òun ti dín owó ilé rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹbí kọ́kọ́ wò ó bóyá owó yàrá tí wọ́n fi rẹ́ǹtì lè kájú rẹ̀. Bí títà bá di dandan, kí wọ́n fi lọ ọmọ ẹbí tó lówó lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín owó kí olùrà tó dé. Kí owó gba báńkì wọlé, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ló dì í sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀ fún oníṣòwò. Ká ní ẹnì kan ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà tó fi ń ra kaṣú, ó wá kó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lé ilé lórí ní oṣù Kìíní. Nígbà tí kaṣú bá jáde ní oṣù Kejì, ìdá kan nínú mẹ́fà ọjà tó ń rà tẹ́lẹ̀ ló máa lè rà, àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì ti wá ẹlòmíì. Ilé tí wọ́n rà lẹ́yìn tí ọjà kaṣú ti kọjá, láti inú èrè, kì í pa òwò lára bẹ́ẹ̀.

Bí ayálégbé bá wà nínú ilé náà, kí olórí ẹbí fún wọn ní lẹ́tà lọ́jọ́ tí owó bá pé, kí wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò máa san owó ilé fún, kí ẹ̀dà lẹ́tà náà sì wà lọ́wọ́ olùrà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀.