Ọ̀rọ̀ Àtọ̀gbẹ: Sí Ẹ̀yin Ọmọ Lísàbí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Lísàbí, ọmọ abẹ́ Olúmọ, bí ẹ bá rí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láìdáwọ́ dúró, tí ó ń tọ̀ léraléra lóru, tí ó sì ń rù bí ẹni tí kò jẹun, ẹ má ṣe sọ pé ayé ló ń ṣe é, ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó 126 mg/dL láàárọ̀ kí a tó jẹun, tí a sì tún rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ láfún kò ṣeé fi ṣeré lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá. Èmi pàápàá, bí wọ́n bá gbé e síwájú mi pẹ̀lú ewédú, ojú mi a máa dán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni láfún, ìrẹsì Ọ̀fàdà náà a sì máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹja lè gba ìdajì abọ́.

Ewúro dára lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń mu omi rẹ̀ mọ́ oògùn láìwọ̀n, ṣúgà lè wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ da insulin nù nítorí àgbo, insulin tí ó ti ń gba ẹ̀mí là láti 1922, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Abà, ní Abẹ́òkúta; ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì mú ìyá yín dání.