Àbúrò Mi, Kó O Tó Gbé IdP Kalẹ̀

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó o gbé IdP kalẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ yín, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo wọ portal, ilé ìkàwé àti ímeèlì. O kú oríire. Sáfà kọ́ ni yóò dà ẹ́ láàmú o. Àwọn èèyàn ni: orúkọ wọn, ìgbéyàwó wọn, àti àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rántí yọ orúkọ wọn kúrò.

Ọ̀gá yín á béèrè pé kí ló ń jẹ́ IdP. Sọ fún un pé ó dà bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó dúró lẹ́nu géètì níbi ìnáwó, tó ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ́nà pé, "Tiwa nìyí, jẹ́ kó wọlé." IdP yín nìkan ló mọ páswọ́ọ̀dù. Ìkànnì téèyàn fẹ́ wọ̀ kì í rí i rárá, ìwé kékeré tí IdP fọwọ́ sí ló ń rí. SAML 2.0, tó ti wà láti ọdún 2005, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò fún ìwé yẹn. OpenID Connect, tó jáde ní 2014, ni àwọn áàpù tuntun fẹ́ràn.

Tó bá jẹ́ áàpù inú ọgbà yín nìkan ni, Keycloak ti tó. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì gbọ́ méjèèjì. Àmọ́ bí ẹ bá ń ronú àtiwọ eduGAIN, tó so ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀ kí olùkọ́ yín lè ka jọ́nà látilé, Shibboleth ni màá ní kó o mú. Fáìlì rẹ̀ ń súni, XML lọ́tùn-ún, XML lósì, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fetí sí jù nìyí: má fi ímeèlì dá èèyàn mọ̀. Ká ní Mojísọ́lá wọṣẹ́ lónìí, ẹ fún un ní ímeèlì tó ní Adéoyè nínú. Ó lọ́kọ, ó di Ìyáàfin Bákàrè, ó ní kẹ́ ẹ bá òun yí i padà. Tó bá jẹ́ ímeèlì lo fi mọ̀ ọ́n, gbogbo áàpù á rò pé àlejò ló dé, iṣẹ́ tó ti ṣe síbẹ̀ ò sì ní jáde sí i mọ́. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé Mojísọ́lá Adéoyè mìíràn lè dé lẹ́yìn ọdún méjì, kí ẹ gbé àdírẹ́sì àtijọ́ lé e lọ́wọ́, kó sì bá ara rẹ̀ nínú fáìlì onífáìlì. Ìlànà OpenID Connect fúnra rẹ̀ sọ pé sub ni kí áàpù gbára lé, ìyẹn àmì tí a kì í fún ẹlòmíràn láé. Nínú SAML, subject-id tàbí pairwise-id ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún oníkálukú ní nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, kó o sì jẹ́ kí ó bá a kalẹ́.

Orúkọ tí yóò hàn lójú ìkànnì, fi àmì ohùn sí i dáadáa, ó wu gbogbo wa. Orúkọ ìwọlé ńkọ́? A sí Z lásán. Lẹ́tà ọ́ tó lámì lórí tó sì nílà nísàlẹ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, síso ni wọ́n máa ń so ó pọ̀. Fóònù lè so ó báyìí, láptọ́ọ̀pù á so ó bọ́hùn-ún. Lójú tìẹ ọ̀kan náà ni, ẹ̀rọ á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Aago náà ńkọ́? Ìwé tí IdP ń fọwọ́ sí kì í lò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ. Níbi tíná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí bátìrì kékeré inú sáfà sì ti kú, ó lè jí sáyé pẹ̀lú déètì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó máa lè wọlé. Tan NTP kó máa tún aago ṣe, kó o sì pààrọ̀ bátìrì yẹn. Sátífíkéètì tí IdP fi ń fọwọ́ sí ìwé, ọ̀tọ̀ ni kó wà sí ti ìkànnì yín. Èyí tí Shibboleth fúnra rẹ̀ ń ṣe máa ń lò tó ogún ọdún. Má fi ti Let's Encrypt rọ́pò rẹ̀ o, ìyẹn kì í ju ọjọ́ 90 lọ, wàá sì máa bẹ gbogbo alájọṣe yín kiri pé kí wọ́n gba tuntun.

Má tú àṣírí èèyàn fún gbogbo ìkànnì. Ilé iṣẹ́ jọ́nà ò nílò ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yín ni. Òfin ìdáàbòbò détà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023.

Ní àkáǹtì alábòójútó kan tí kò gba inú IdP kọjá, tí ẹlòmíràn náà sì mọ ibi tí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ wà. Bí IdP bá kú lọ́jọ́ tó o ń rọbí lọ́wọ́, wọn ò ní máa wá ẹ dé yàrá ìbímọ.

Ó ku ọ̀gá tó ń gbé páswọ́ọ̀dù fún akọ̀wé. Tẹ́lẹ̀, ímeèlì nìkan ló fi lé e lọ́wọ́. Báyìí, páswọ́ọ̀dù kan náà ló ń ṣí owó oṣù àti èsì ìdánwò. Fún akọ̀wé ní àkáǹtì tirẹ̀, kó o ṣí àpótí ímeèlì ọ̀gá fún un láti ibẹ̀, kó o sì so áàpù kóòdù ìwọlé mọ́ fóònù ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bó bá fajú ro, kú ìrọ́jú. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kó o lọ bá a, má sì jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì.