Ẹ Má Dúró De Ọjọ́ Ìforúkọsílẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ fetí sí ìyá yín díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí, ohun kan náà ni mò ń rí: ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ní kílíńìkì aboyún lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ folic acid. Ó ti pẹ́ jù. Láàárín ọjọ́ 28 tí oyún bá ti dúró ni ìpìlẹ̀ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, tí folic acid ń ràn lọ́wọ́, máa ń pa dé, ọ̀pọ̀ yín kò sì tíì fura nígbà náà. Mo ti fọwọ́ mi gba ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé.

Bí ẹ bá ti ń retí oyún, ẹ máa lo 400 máíkírógíráàmù folic acid lójúmọ́, títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Kò wọ́n rárá. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó ń lo oògùn wárápá, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Tirẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa, àmọ́ wọn ò lè rọ́pò folic acid.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yé da oríṣi oògùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ torí ọ̀rẹ́ ní ó ṣiṣẹ́ fún òun. Fítámì A tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹ ka ara ike, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, kí ọkọ yín sì bá yín lọ.