Ẹsẹ̀ Tí A Ti Gé Ha Tún Lè Máa Dun Ni Bí?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn pé wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ òun ní ìsàlẹ̀ orúnkún nítorí àtọ̀gbẹ. Ojú ọgbẹ́ ti jiná, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàbá náà a máa ké pé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ yẹn ń ta òun bí iná. Àwọn ará ilé kan ní irọ́ ni ó ń pa, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá wa, irọ́ kọ́, ayé sì kọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Dókítà Silas Weir Mitchell, tí ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí a gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1871. Gbogbo ẹ̀yà ara ni ó ní àyè tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Nígbà tí a gé ẹsẹ̀ bàbá, a kò gé àyè rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn iṣan tí a gé sì lè máa ránṣẹ́ òdì lọ, kí ọpọlọ sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìrora.

Ẹni tí ó bá ṣe iyè méjì, kí ó gbọ́ ohun tí Botvinick àti Cohen gbé jáde ní 1998. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ènìyàn pamọ́, wọ́n gbé ọwọ́ rọ́bà síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láìpẹ́, ó ń ṣe ẹni náà bí ẹni pé ọwọ́ rọ́bà ni tirẹ̀. Èmi náà dán an wò nílé. Mo rọ iyanrìn sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sẹ́yìn páálí, ọmọbìnrin mi sì mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì. Mo ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ yọ láti ilé ìdáná tí ó fi ọmọ odó gbá ìbọ̀wọ́ náà. Mo fò dìde, mo ké “Yéè!” Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́.

Lóde òní, awò ńlá kan wà tí à ń dè mọ́ ojú, tí kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán sínú rẹ̀. Bí a bá yí orí, ohun tí à ń rí náà a yí. Òyìnbó ń pè é ní virtual reality. Ní 2010, Mel Slater àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona ròyìn pé àwọn géńdé ọkùnrin tí wọ́n dè é rí ara wọn nínú ara ọmọdébìnrin kan. Nígbà tí obìnrin inú àwòrán gbá ọmọ náà létí, ìlù ọkàn wọn yí padà. Ní Seattle, Hunter Hoffman àti David Patterson dè é fún àwọn tí iná jó, nígbà tí à ń wẹ ojú ọgbẹ́ wọn. Wọ́n ń ju òkò yìnyín nínú àwòrán, ìrora wọn sì dínkù. Wọn kò fi í rọ́pò oògùn o.

Awò yẹn kò sí nítòsí wa, ṣùgbọ́n dígí wà. Láti àwọn ọdún 1990 ni V. S. Ramachandran ti ń lò ó. À ń gbé dígí gígùn sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí òjìji ẹsẹ̀ tí ó kù lè dàbí èyí tí a gé. Bàbá a máa wo inú rẹ̀, a sì máa mi ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ràn lọ́wọ́. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó wò bóyá egbò tàbí wíwú wà níbi tí a ti gé ẹsẹ̀. Oògùn orí fífọ́ kì í sábà tó fún irú ìrora yìí. Dókítà ní oògùn iṣan tí ó lè fún un. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó ibẹ̀, nítorí àtọ̀gbẹ lè mú kí ara má mọ ìgbà tí ó ń bó. Kí ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì wò lálaalẹ́.